Bí A Ṣe Ń Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Nílẹ̀ Òkèèrè Lẹ́yìn Ìrìn Àjò Gígùn

Oṣù 9 ni mo fi kúrò ní ilé ìtọ́jú aláboyún kékeré kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Lọ́jọ́ kejì tí mo padà dé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti jókòó sídìí tábìlì tí mo máa ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ṣí ìwé ńlá tí a fi ń kọ orúkọ àwọn ìyá àti ọmọ, mo mú báírò, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Orúkọ 11 ni mo ti kọ kí nọ́ọ̀sì àgbà tó wọlé. Ó wo ìwé, ó wò mí, ó rọra gba báírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n ti yí ètò inú ìwé náà padà láti bí oṣù 5. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa ìlà rẹ̀, ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n sì ń kọ àkọlé sí. Ibi tí mò ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí ti di ibi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Mi ò ṣí ojú ewé àkọ́kọ́ wò, torí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

"Ẹ kú àbọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ gbé àga yín wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lónìí."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹni tó ń padà bọ̀ nílò sùúrù ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lọ. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tuntun mọ̀ pé àlejò lòun, ó sì ń béèrè ọ̀nà. Ẹni tó ń padà bọ̀ kì í ka ara rẹ̀ kún àlejò, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ti fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìbáà jẹ́ ilé ló lọ, ìbáà jẹ́ àìsàn tàbí ẹ̀kọ́ ló gbé e kúrò, tó sì fẹ́ padà sí ibi tó ti kúrò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ béèrè kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ má béèrè pé, "Ṣé kí n máa bọ̀?" Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ojú máa tì láti sọ pé rárá. Ẹ béèrè àwọn ìbéèrè tó ní ìdáhùn gidi: Ta ló ń ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe tẹ́lẹ̀? Bí mo bá dé, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí lẹ ò fẹ́ kí n ṣe mọ́? Oṣù mélòó lẹ máa nílò mi?

Bí ọmọ ìlú náà kan bá ti wà nídìí iṣẹ́ yín, tó sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀, inú yín ló yẹ kó dùn. Torí kí irú èyí lè ṣẹlẹ̀ ni ẹ ṣe lọ síbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ má padà lọ fi ọ̀fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ti kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè bóyá iṣẹ́ mìíràn wà. Bí kò bá sí, ẹ dúró sílé, ẹ wá ọ̀nà mìíràn láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le létí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà, àmọ́ òótọ́ ni.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìwé

Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í gba ìwé ìrìnnà tí kò bá ní oṣù 6 mọ́ kó tó parí, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ojú ewé òfìfo kù níbẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tí ẹ máa gbéra.

Físà ló ń kó ọ̀pọ̀ wa sí wàhálà. Ní ibi púpọ̀, físà arìnrìn-àjò afẹ́ kò fàyè gba iṣẹ́ ọ̀fẹ́, bí wọn ò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ fún yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, ní físà tiwọn fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú, kì í sì í ju oṣù 12 lọ. Ẹni tó bá ti ní ìwé ìgbélùú tẹ́lẹ̀ pàápàá ní láti ṣọ́ra, torí pípẹ́ lẹ́yìn odi lè pa ìwé náà rẹ́. Nílẹ̀ Jámánì, ẹni tó bá lo ju oṣù 6 lọ lẹ́yìn odi láì gba àyè lọ́wọ́ ìjọba lè bá a pé ìwé ìgbélùú òun kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, kí ẹ sì sọ gbangba pé iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ ń lọ ṣe. Ẹni tó bá parọ́ ní ẹnubodè, ẹgbẹ́ tó gbà á lálejò ni ìtìjú rẹ̀ máa kàn.

Bí ẹ bá máa wà nítòsí ọmọdé, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún béèrè ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá tuntun pé ẹ ò ní ẹ̀sùn ọ̀daràn lọ́rùn. Ẹ má bínú, ẹ má sọ pé, "Ṣebí ẹ mọ̀ mí." Inú èmi máa ń dùn sí ibi tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀. Bí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì bá ni yín, ẹ wádìí bóyá ìwé àṣẹ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò tíì kú. Adójútòfò yín sì gbọ́dọ̀ kó gbígbé yín kúrò ní pàjáwìrì mọ́ra, kí ó sì dárúkọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.

Ìgbésẹ̀ 3: Ara yín ti gbàgbé ibẹ̀

Ẹ lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó gbéra, torí abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú kì í wúlò ní ẹnubodè àfi lẹ́yìn ọjọ́ 10 tí wọ́n bá gún yín. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni òfin pé kí a máa tún un gún ní ọdún 10-10 ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó. Bí káàdì yín bá ti pẹ́ tó sì kọ ọdún 10 síbẹ̀, ó ṣì dára. Abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ní tirẹ̀ kì í sábà ju ọdún 2 sí 3 lọ. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń tó ọdún 10.

Bí iṣẹ́ yín bá wà níbi tí ajá digbólugi ti wọ́pọ̀, ẹ gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Àmọ́ kí ó yé yín: bí ajá bá bu yín jẹ, ẹ ṣì ní láti fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ gba abẹ́rẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ màlérìa ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ẹni tó bá gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún níbi tí màlérìa pọ̀ sí, ara rẹ̀ máa ń kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Bí ó bá ti kúrò níbẹ̀, agbára yẹn á máa joro. Nítorí náà ni ibà ṣe máa ń dá àwọn tó ń padà bọ̀ gúnlẹ̀, tí wọ́n á máa sọ pé, "Mo ti gbé ibí rí, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Ẹ mú oògùn ìdènà bíi pé ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí. Oríṣiríṣi ló wà, àkókò wọn sì yàtọ̀. Doxycycline, ojoojúmọ́ ni, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 tàbí 2 ṣáájú, kí ẹ sì máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Atovaquone-proguanil náà jẹ́ ojoojúmọ́, àmọ́ ọjọ́ 7 péré ló kù lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Mefloquine, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ó sì yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 ṣáájú. Dókítà ló máa yan èyí tó bá ara yín mu.

Àmì màlérìa kì í sábà yọ kí ó tó pé ọjọ́ 7 tí ẹ̀fọn jẹni. Ibà tó bá mú yín lọ́jọ́ kejì tí ẹ dé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn, àyàfi bí ẹ bá ti gba ibi tí màlérìa wà kọjá lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ibà èyíkéyìí gbọ́dọ̀ gbé yín dé ibi àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má sọ pé ó di ọ̀la, torí oríṣi tó burú jù lè mú kí èèyàn má mọ ara rẹ̀ mọ́ láàárín wákàtí 24.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹrù

Oògùn tiyín, ẹ fi sínú páálí tó bá wá, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà, kí ẹ sì gbé e dání nínú báàgì ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá orílẹ̀-èdè náà gbà á láyè, torí oògùn ìrora tí ó ní codeine nínú lè di ẹjọ́ níbòmíràn. Báàgì ọwọ́ náà ni páwà báńkì gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ (Wh ni ìwọ̀n agbára iná tó lè gbà) kò nílò ìyọ̀ǹda. Ti 20,000 mAh máa ń jẹ́ nǹkan bí 74 Wh.

Ní ti ẹ̀bùn fún ibi iṣẹ́, ohun tí wọ́n bá béèrè ni kí ẹ gbé. Ẹ má ṣe kó àṣẹ́kù oògùn láti inú dúrọ́ọ̀ ilé lọ. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé oògùn tí a bá fi ta àwọn èèyàn lọ́rẹ gbọ́dọ̀ ní ọdún 1 ó kéré tán kó tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ wọn. Mo ti rí páálí oògùn tí èdè tó wà lára rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni níbẹ̀, tí nọ́ọ̀sì méjì fi odidi ọ̀sán yà á sọ́tọ̀ láti lọ jó o níná. Ọ̀sán yẹn, àwọn aláìsàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró.

Ìgbésẹ̀ 5: Nínú ọkọ̀

Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 fi hàn pé jíjókòó sójú kan nínú ọkọ̀ fún wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan di nǹkan bí ìlọ́po 2. Ewu náà ṣì kéré fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ máa dìde rìn, ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ máa mu omi. Aláboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó ń dùn yín lẹ́yìn ojúgun, tàbí tí èémí ń ṣòro fún yín, ìbáà jẹ́ ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn tí ẹ dé, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ sùn kí ẹ tó ṣiṣẹ́

Aago inú ara kì í yára bíi ọkọ̀ òfuurufú. Bí aago ibi tí ẹ dé bá fi wákàtí 6 yàtọ̀ sí ti ibi tí ẹ ti wá, ẹ fún ara yín ní nǹkan bí ọjọ́ 6 kó tó bá ibẹ̀ mu. Lílọ sí ìlà oòrùn ló máa ń le jù. Bí ẹ bá lọ síhà ibẹ̀, ẹ jáde sínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀ oòrùn lẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa ràn yín lọ́wọ́. Oorun ọ̀sán kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ.

Ní ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́, ẹ má wa ọkọ̀, ẹ má ka ìwọ̀n oògùn fún ẹnikẹ́ni, ẹ má fọwọ́ sí ìwé owó. Ẹ sọ ọ́ fún ọ̀gá ibẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó dé, kí wọ́n má baà ti kọ orúkọ yín sára àwọn tó máa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọ̀sẹ̀ 2 tí ẹ máa fi gbọ́

Bí ẹ bá gbójú fo gbogbo èyí tó kù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbójú fo èyí.

Ẹ kọ́kọ́ bá ẹnì kan tó fọkàn tán yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ béèrè ẹni tó ti kú, ẹni tó ti bímọ, ẹni tó ti kúrò, àwọn tí kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ò ṣe é. Bàbá àgbàlagbà kan máa ń ṣílẹ̀kùn ńlá fún wa láràárọ̀. Mo wọlé lọ́jọ́ kìíní, mo fi ẹ̀rín pariwo pé, "Bàbá mi dà?" Àgbàlá pa lọ́lọ́. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ dúró, ó wo ilẹ̀. Bàbá ti lọ láti oṣù 3 sẹ́yìn, ọmọ obìnrin yẹn sì ni ó bá a délé ìwòsàn lóru. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo lọ kí ìdílé rẹ̀, mo jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó la ẹnu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ máa kọ gbogbo ohun tó ti yàtọ̀. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yín báyìí, ẹ máa wò ó. Kí ni wọ́n ti pa tì? Kí nìdí rẹ̀? Ìdí sábà máa ń wà tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ má béèrè kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá oògùn wà lọ́wọ́ mi kí n tó lọ. Nígbà tí mo dé, mo rí i lọ́rùn ọ̀dọ́bìnrin kan, ó fi okùn so ó kọ́. Mi ò dá a lẹ́nu kàn. Ó wà lọ́rùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí mo fi parí iṣẹ́ mi, oògùn ò sì dínkù rí.

Gbólóhùn kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ gbé mì fún ọ̀sẹ̀ 2 náà: "Báyìí kọ́ la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀." Àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà kọjá ìgbà tí ọwọ́ ò tó, tí owó ò sí. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórúkọ-lórúkọ.

Èdè náà á ti máa bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìrìn àjò tún un kà: ìkíni, oǹkà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ ibi tó ń dùn wọ́n.

Àwọn ọmọdé

Ọmọbìnrin ọdún 4 kan máa ń di ìka ọwọ́ mi mú ní gbogbo ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá wá. Nígbà tí mo padà, mo tẹ́ ọwọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fi aṣọ ìyá bojú. Ó dùn mí, àmọ́ ọmọ náà ló jàre. Ẹni tó ń wá tó ń lọ kì í ṣe ẹni tí ọmọ lè fara tì. Mo kí ìyá rẹ̀, mo jìnnà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ 3 kọjá kó tó tún sún mọ́ mi fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ilé ọmọ aláìlóbìí lẹ fẹ́ padà sí, ẹ tún rò ó. Ní ọdún 2019, Àpéjọ Gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ké sí àwọn ìjọba nínú ìpinnu kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, pé kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí ìpalára tí ètò iṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ọmọ aláìlóbìí ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ọmọ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣì ní òbí tàbí ẹbí láàyè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé náà ọmọ mélòó ni wọ́n ti dá padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Bí wọn ò bá fẹ́ dáhùn, ibòmíràn ni kí ẹ gbé agbára yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìlérí àná

Ẹ jókòó, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ kí ẹ tó lọ: fọ́tò tí ẹ ní ẹ máa fi ránṣẹ́, ìwé tí ẹ máa bá ẹnì kan wá, owó ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹnu kàn. Ẹ lè ti gbàgbé. Àwọn ò gbàgbé. Èyí tí ẹ lè ṣe, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ kìíní. Èyí tí ẹ ò lè ṣe, ẹ lọ bá ẹni náà nílé rẹ̀, ẹ sọ fún un, ẹ tọrọ àforíjì.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọkàn yín

Kalervo Oberg, tó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ̀wé ní 1960 nípa ìdààmú ọkàn tó máa ń bá ẹni tó bọ́ sáàárín àṣà tí kò mọ̀. Ní 1963, John àti Jeanne Gullahorn fi kún un pé ìdààmú náà tún máa ń bá ẹni tó padà sílé. Ẹ̀yin tí ẹ lọ, tí ẹ bọ̀, tí ẹ tún padà lọ, ẹ ti gbà á níhà méjèèjì. Bí ẹ bá jí lọ́sẹ̀ kẹta tí ohun gbogbo ń sú yín, tí ẹ̀rín àwọn èèyàn ń bí yín nínú, kì í ṣe àmì pé ẹ ò yẹ kí ẹ ti padà. Ẹ pe ẹnì kan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ má ṣe ìpinnu kankan lọ́sẹ̀ yẹn. Bí oorun bá ń dá lójú yín fún ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ, tàbí tí oúnjẹ ò wọlé mọ́, ẹ lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ

Kí oṣù kìíní tó parí, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa kúrò fún gbogbo èèyàn, títí kan àwọn ọmọdé. Láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ tí ẹ bá ń ṣe, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tó ń kọ́ ọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n ń kà níbẹ̀: ibi tí nǹkan wà, ẹni tí a ń pè bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ohun tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí. Ẹ fún ẹlòmíràn kó fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó lọ, ẹ wo ibi tó ti kọsẹ̀, ẹ tún un kọ.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ 2 kí n tún gbéra, èmi àti nọ́ọ̀sì àgbà jókòó sídìí tábìlì yẹn pẹ̀lú ìwé orúkọ tuntun. Òun ń di rúlà mú, èmi ń fa ìlà, a sì ń kọ àkọlé sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí ìwé náà fi tán.